Kọ́kọ́rọ́ Géètì Wa Lóṣù Ààwẹ̀

Jímọ̀, 28 Fẹ́búárì 2025

Wọ́n ti kéde pé wọ́n rí oṣù. Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀ láti gbà á tayọ̀tayọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àlàsáàrì tán ni Kareemat, ọmọ mi, pè mí, ó ní wọ́n ti ja ilé tó dojú kọ ilé wa tí òun ń gbé lólè, lọ́sàn-án gangan. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ikhlas, tó yá yàrá níbẹ̀, nìkan ló wà nílé. Ìborùn ara rẹ̀ ni wọ́n fi dè é mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò lù ú. Wọ́n kó ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì kí i pé ó dìgbà, bí àlejò ṣe ń kí onílé.

Ìkíni yẹn ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Bàbá Hussain, ọkọ mi, kọ́ ilé wa yẹn sí tòsí Intaṣéńjì, níbi tí àwọn ọ̀nà márosẹ̀ ti pàdé, kí owó ilé lè máa bọ́ wa lọ́jọ́ ogbó. Kò kọ́ ọ kí wọ́n lè wá de ọmọ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Yàrá Kareemat ló sì sún mọ́ géètì jù. Èmi ni mo mú un fún un, torí atẹ́gùn.

Àbámẹ́ta, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ kìíní. Oòrùn mú bí ẹni pé ó mọ̀ pé a ò ní mumi. Mo gun ọ̀kadà láti Òfin tí mo ń gbé lọ sílé ọ̀hún, mo sì rìn yí i po. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbowó níbẹ̀, ṣùgbọ́n n ò tíì wò ó rí bí olè ṣe máa wò ó. Gílóòbù iwájú ti kú. Ògiri ẹ̀yìn ò ga ju èjìká mi lọ, ẹnì kan sì ti to búlọ́ọ̀kù sídìí rẹ̀ bí àtẹ̀gùn, kó lè máa ráyè sá aṣọ. Lọ́ọ̀kì géètì ńkọ́? Mo fi èjìká tì í, ó ṣí fún èmi àgbà obìnrin tó ń gbààwẹ̀.

Mo bi Kareemat pé, "Kọ́kọ́rọ́ géètì yìí mélòó ló wà níta?"

"Gbogbo ayálégbé ló ní, Mọ́mì."

"Àwọn tó ti kó jáde ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè òyìnbó. "Ta ló ń gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ́wọ́ ẹni tó ń kó jáde?"

Lóòótọ́, n ò gbà á rí. Tí wọ́n bá ń kó jáde, mo máa ń wò ó bóyá wọ́n ti gbálẹ̀ yàrá ni.

Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀, ká jọ máa lọ sí Òfin. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ̀rù ò bà mí. Mo ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ṣé ẹ tún fẹ́ pọ̀n mí ni?"

Tó bá ṣeé ṣe, màá pọ̀n ọ́n.

Àìkú, 2 Máàṣì

Hussain, ọmọ mi ọkùnrin, pè láti Ìlọrin. Ó ní ká ra kámẹ́rà, kí òun lè máa wo géètì lórí fóònù òun. Mo ní tó bá rí olè níbẹ̀, ṣé láti Ìlọrin ló ti máa fò wá? Ẹ̀rù Hussain náà ń bà mí, nítorí ọ̀nà márosẹ̀ tó máa ń rìn. Ṣùgbọ́n lóṣù yìí, ẹ̀rù ọmọ kan ṣoṣo ni agbára mi ká.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì

A ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn ayálégbé lẹ́yìn ìṣínu, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Adéwọlé tó ń wa bọ́ọ̀sì Ìkẹ́nnẹ́ kò gbààwẹ̀, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n òun ló jẹ àkàrà jù. Sàdíátù aránṣọ gbé ikùn oṣù méje jókòó sórí àpótí. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní Kùtọnu. Àwọn ọmọkùnrin méjì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn fara ti ògiri, fóònù lọ́wọ́, ojú lórí fóònù.

Mo sọ ohun tí mo fẹ́: irin sí gbogbo fèrèsé, lọ́ọ̀kì tuntun, kí géètì sì máa wà ní títì tọ̀sán-tòru.

Adéwọlé ní, "Ìyá Hussain, ẹ kúkú rán yunifọ́ọ̀mù fún wa, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i láyà."

Sàdíátù ní, "Èmi ni màá rán an. Tìẹ ló máa gba aṣọ jù, ẹlẹ́wọ̀n tó ń jẹ àkàrà ọ̀fẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rín díẹ̀. Ìgbà náà ni Sàdíátù kọjú sí mi, ó gbọ́wọ́ lé ikùn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n mà, tí iná bá sọ ńkọ́? Irin níwájú, irin lẹ́yìn, géètì ní títì. Èmi àti ẹrù yìí, ibo la máa gbà jáde?"

Mo gbé ìbéèrè yẹn délé, n ò sì lè gbé e sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi dáàbò bo ọmọ mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun tó máa há a mọ́nú iná.

Ohun tá a jọ fẹnu kò lé lórí: irin fèrèsé kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan máa ṣí bí ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Oníkálùkù á ní kọ́kọ́rọ́ géètì tirẹ̀. Ọ̀kan á wà lórí ìṣó lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn Kareemat, kí ẹni tó bá ń sáré jáde lè já a gbà.

Àbámẹ́ta, 8 Máàṣì

Fábíyìí wẹ́dà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irin ti wọ́n ju bó ṣe wà lọ́dún tó kọjá lọ ní ìlọ́po méjì. Mo ta apẹ̀rẹ̀ obì tí mo fẹ́ fi pamọ́ de ìgbà tó máa gbówó lórí. Mo dúró ti Fábíyìí, mo ń di gbogbo irin tó bá jó mú, mo ń mì ín wò.

Ó ṣí ìbòjú rẹ̀. "Mà, ẹ̀rù yín yìí le ju irin mi lọ. Ẹ jẹ́ kó tutù ná, ó máa jó yín lọ́wọ́."

Ó jó mi lọ́wọ́.

Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì

Mo pe Kareemat láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní ìrọ̀lẹ́, àti láàárín wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló gbé e.

Ọjọ́bọ̀, 13 Máàṣì

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ooru dínkù díẹ̀. Kareemat yà sí ìsọ̀ obì mi lẹ́yìn iléèwé tó ti ń ṣe tíṣà, ojú rẹ̀ le. Ó ní àwọn tíṣà ẹgbẹ́ òun ti ń pe òun ní ọmọ Mọ́mì. "Tí fóònù mi bá ti dún, wọ́n á ní, 'Sọ fún wọn pé o ti jẹun.' Mọ́mì, irin ti wà, lọ́ọ̀kì ti wà, gílóòbù sólà ń tàn bí ọ̀sán. Ẹ jẹ́ ká sinmi."

Mo ní ó dáa. Mo sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àìkú, 16 Máàṣì

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dàrú mọ́ mi lórí.

Lánàá, bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣínu, ẹnì kan kan géètì. Sàdíátù ló lọ. Ó yọjú láàárín irin, ó rí obìnrin kan, híjáàbù dúdú dé orúnkún, àwo oúnjẹ lọ́wọ́. "Ẹ kú ìṣínu o. Wọ́n ní kí n gbé e wá."

Sàdíátù wo àwo. Àwo tirẹ̀ ni. Aláwọ̀ ewé, òdòdó pupa létí rẹ̀, èyí tó fi gbé mọ́ínmọ́ín fún Ikhlas lọ́ọ̀ọ́kán níbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, láti fi bá a kẹ́dùn. Ó rò pé wọ́n ń dá a padà ni. Lóṣù yìí, ta ló ń dá àwo padà lófìfo? Ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, ó tún kí i pé kó kú iṣẹ́.

Obìnrin náà ní àkókò ìrun ti tó, ṣé òun lè bá wọn kí Màgàríbì kóun tó máa lọ. Wọ́n bu omi sí búútà fún un. Wọ́n fún un ní ẹní. Kareemat wá láti yàrá tirẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró nínú yàrá Sàdíátù. Obìnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kóun dúró lẹ́yìn, torí òun máa ń pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sálámà, kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn wọn mọ́. Ẹní nìkan ló wà níbẹ̀.

Wọ́n sáré wo inú ilé. Fóònù wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà. Àpò Kareemat wà lórí àga, owó sì wà nínú rẹ̀. Kareemat ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá obìnrin náà kàn ń kánjú ni. Ìgbà náà ló wo ara ògiri. Ìṣó dá dúró. Kọ́kọ́rọ́ géètì ti lọ.

Tó bá kó owó, màá ní ó ti gba tirẹ̀, ó ti parí. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló mú. Ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ nìkan ń padà bọ̀ ni.

Ìgbà tí wọ́n máa rántí àkàrà inú àwo, Adéwọlé ti jẹ méjì. Ó sáré lọ ti ìka bọ ọ̀fun lẹ́yìn ilé. Nígbà tó padà, ó ní, "Àkàrà gidi ni o. Ó dùn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn." Kò ṣe é ní nǹkan kan.

Wọ́n pè mí. Ọ̀kadà tó gbé mi sáré débi pé ìborùn mi ṣí, n ò dì í mú. Ìgbà tí mo débẹ̀, Adéwọlé ti wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ wọlé, ó ti fi imú rẹ̀ gún géètì láti inú. Ó ní kí n gba àárín irin àti bọ́ńpà wọlé, lẹ́yìn náà ló tún tì í mọ́ ọn pátápátá. Ó jókòó sórí imú bọ́ọ̀sì, sípánà táyà lọ́wọ́. "Ìyá Hussain, ẹ fọkàn balẹ̀. Bọ́ọ̀sì yìí kì í gbọ́ tèmi tí mo ń wà á, ká má tíì wá sọ tolè."

Láàárọ̀ yìí ni Ikhlas wá bẹ Sàdíátù. Ó ní òun ti fọ àwo náà, òun dà á dé sẹ́bàá ẹ̀rọ omi níta, òun ò sì rí i mọ́. Ojú ń ti òun láti sọ pé òun sọ àwo ẹni tó bá òun kẹ́dùn nù.

Obìnrin yẹn dúró lẹ́yìn ọmọ mi. Ọmọ mi forí kanlẹ̀, ẹni yẹn sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. N ò rí nǹkan mìíràn rò.

Ajé, 17 Máàṣì

Fábíyìí yọ lọ́ọ̀kì, ó fi òmíràn sí i. A ò tún ní kọ́ kọ́kọ́rọ́ sára ògiri mọ́. Ó jó ìdè kan, bí ìdábùú ilẹ̀kùn, sí inú géètì tó jẹ́ pé ọwọ́ lásán la fi ń ṣí i, ẹni tí iná bá ń lé ò ní wá kọ́kọ́rọ́. Ó wá fi páànù bo gbogbo ojú géètì kí ọwọ́ ẹni tó wà níta má lè dé ibẹ̀. Ó gé ihò kékeré kan síwájú géètì, ní ibi tí ojú àgbà ń dé, ó ṣe ìdérí fún un.

Mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ mi bi mí pé kí ni wọ́n jí. Mo ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Kí ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún kó?" Mo ní wọn ò tíì fi kó nǹkan kan. Ó ní tí wọ́n bá ti kó o, kí n padà wá.

Òfin ilé báyìí: a ò ní ṣí fún ohùn, a ò ní ṣí fún àwo. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ojú. Ẹni yòówù kó jẹ́, kó bọ́ síwájú ihò.

Mo tún bẹ Kareemat pé kó jẹ́ ká lọ. Ó ní, "Kí n lọ, kí n fi Sàdíátù sílẹ̀ pẹ̀lú oyún? Mọ́mì, ẹ̀rù ò bà mí."

Ó dáa. Tí kò bá bá mi lọ, èmi á bá a jókòó. Mo ti kó ẹní àti àwọn aṣọ mi wá sínú yàrá rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì

Èmi tí mo ń gbowó ilé ti di ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ wà lẹ́yìn, òkùnkùn ló sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń sọ fún mi tipẹ́, mo sì máa ń ní kí wọ́n gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Lánàá mo gbé tọ́ọ̀ṣì dání. Mo débi ìgbọ̀nsẹ̀, mo gbọ́ tí nǹkan já lu ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri, mo padà sílé láìwẹ̀.

Mo ń wo ojú gbogbo wọn. Ta ló sọ fún obìnrin yẹn pé kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó? Tí Adéwọlé bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, mo máa ń dín ohùn rédíò kù kí n lè gbọ́. Kareemat fà mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mọ́mì, ẹ má wo bùrọ̀dá Adéwọlé bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ti rí i pé ẹ ń fura sáwọn." Ó mú mi dé ẹnu géètì, ó ní kí n wo inú ilé láti ibẹ̀. Mo wò. Téèyàn bá ti ṣí géètì, ìṣó yẹn ló máa kọ́kọ́ rí. Gbogbo ẹni tó ti gbé oúnjẹ wá látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti rí i.

Mo gbé tíì lọ fún Adéwọlé. Ó gbà á, kò wojú mi.

Àìkú, 23 Máàṣì

Iná ti wà ní ilé ìwẹ̀. Bíríkìlà ti fi kún ògiri ẹ̀yìn, a ti kó búlọ́ọ̀kù kúrò nídìí rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tún ti gbówó lórí. Mo ṣì ń wẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́rú, 26 Máàṣì

Wọ́n wá.

Òjò bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ṣínu tán. Ó ń lu páànù débi pé a ò gbọ́ ara wa. Mo gbé kórobá lọ sẹ́bàá géètì láti gbe omi òjò. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí etí mi sún mọ́ géètì, mo gbọ́ irin nínú irin. Jẹ́jẹ́. Ẹnì kan ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú lọ́ọ̀kì láti ìta. Ó yí i sọ́tùn-ún, kò lọ. Ó yí i sósì. Ó yọ ọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Kò kánjú rárá.

N ò lè pariwo. N ò mọ ìgbà tí Kareemat dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ohùn obìnrin wá láti ìta, ohùn tó dùn. "Ẹ kú ìṣínu o. Òjò ń pa wá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa."

Bó sì ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, kọ́kọ́rọ́ ṣì ń yí nínú lọ́ọ̀kì.

Kareemat ní, "Ẹ bọ́ síwájú ihò."

Kọ́kọ́rọ́ dúró. Òjò nìkan la tún ń gbọ́. Kareemat tún un sọ, ó le sí i: "Mo ní ẹ bọ́ síwájú ihò, ká rí ojú yín!"

Wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Adéwọlé ti dé inú bọ́ọ̀sì, ó tẹ fèrè, kò sì gbé ọwọ́ kúrò. Àwọn ọmọkùnrin yàrá ẹ̀yìn ń lu ìkòkò. Láti ọ̀ọ́kán, Ikhlas náà ń lu nǹkan. A gbọ́ ariwo ọ̀kadà tó ń lọ. Ìgbà tí àwọn fijilanté fi máa dé, òjò ti wẹ ojú ilẹ̀ mọ́.

Kareemat ní, "Ẹ wò ó, géètì ò ṣí. Ẹ̀rù ò bà mí." Ó lọ fọ àwo. Adéwọlé jókòó tì mí, ó ní, "Ìyá Hussain, ṣé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ìfura báyìí, àbí kí n tún tẹ fèrè?" Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ gidi.

Jímọ̀, 28 Máàṣì

Àwọn onílé mẹ́ta láti àdúgbò wá wo ìdè àti ihò wa. Onílé Ikhlas ní òun kọ́kọ́ máa rò ó. Ikhlas dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Ẹ máa rò ó, bàbá. Èmi ni wọ́n máa dè." Bàbá náà ní kí Fábíyìí máa bọ̀ lọ́la.

Àìkú, 30 Máàṣì

Ọdún. Àwo ń wọlé látàárọ̀. Mo wo gbogbo ojú látinú ihò kí n tó ṣí. Màmá Rasheedat, tó ti mọ̀ mí látìgbà tí mo wà lọ́mọge, dúró níta pẹ̀lú ẹran. "Ṣé èmi lò ń fi ojú kan wò bí adìyẹ?" Mo ní kó forí jì mí. Ó ní òun ò forí jì mí, kí n gba ẹran.

Hussain dé láti Ìlọrin, ó gbé kámẹ́rà dání.

Ìṣẹ́gun, 1 Épírì

Hussain ti padà. Kareemat ní kí èmi náà máa lọ, obì á ti máa bàjẹ́ ní ìsọ̀. "Mọ́mì, ẹ ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ ṣe. Ẹ lọ sinmi." Ó bá mi gbé àpò dé ẹnu géètì. Ó tì í lẹ́yìn mi. Mo gbọ́ tí ìdè wọlé.

Mo rìn dé oríta. Ẹsẹ̀ mi ò lọ mọ́. Mo padà, mo kan géètì, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ṣí fún ohùn.

"Ta ni?"

"Èmi ni."

"Èmi ta ni?"

"Ìyá rẹ ni. Mo gbàgbé ìborùn mi."

"Ẹ bọ́ síwájú ihò."

Inú mi dùn. N ò sún. "Kareemat, oòrùn ń pa mí. Ṣé o ò mọ ohùn mi ni?"

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn náà ò jọ tirẹ̀ mọ́. Ó ń gbọ̀n, ó dàbí ti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó bá jí tí kò rí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ bọ́ síwájú ihò. Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́." Mo gbọ́ tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sẹ́yìn pé, "Àǹtí Sàdíátù, ẹ wọlé, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Mo sáré bọ́ síwájú ihò. Mo gbé ojú mi sí i. Ojú rẹ̀ wà lódì kejì, omi kún un.

Ó ṣí i. Sípánà Adéwọlé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú débi pé ìka rẹ̀ ti funfun. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. "Ẹ̀rù ò bà mí, Mọ́mì."

Mo gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọlé, mo fi ìdè sí géètì, mo gbé àpò mi padà sínú yàrá, mo sì ní kó bá mi tẹ́ ẹní. Kò bi mí pé ìgbà wo ni mo máa lọ.